Ìnọ́ọ̀fù Tí Mo Túmọ̀ Fún Ìyá Mi

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọmọ àbúrò ìyá mi dé ilé wa ní Ìlá, ní ọdún kejì tí wọ́n pín Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti pe ìyá mi ní "ìwọ". Ó ní, "Màmá, ṣé o ti jẹun?" Mo dúró kí n gbọ́ ìró ìgbájú. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀, bí mo bá gbàgbé "ẹ" kan ṣoṣo, etí mi á gbóná di ọjọ́ kejì. Àmọ́ ẹ̀rín ni ìyá mi bú sí. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó ní, "Mi ò tí ì jẹun, ọmọ mi. Jókòó, ká jọ jẹ ẹ́." Mo wo ọwọ́ àwọn méjèèjì nínú àwo kan náà, inú mi sì bàjẹ́.

Ẹ má rò pé ìkà ni mí láti ilẹ̀. Mo mọ ohun tó gbé e dé. Ìyá rẹ̀, àbúrò kan ṣoṣo tí ìyá mi ní, ti kú ní Èkó lọ́dún náà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ará apá Delta, kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ nínú ilé wọn. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ilé tí ilé-iṣẹ́ fún un bọ́ tẹ̀lé e. Ó mú ọmọ rẹ̀ wá fún ìyá mi, ó ní bí ẹsẹ̀ òun bá ti múlẹ̀ òun ń bọ̀ wá mú un. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọmọ náà, mo fi ọdún kan jù ú lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó jọ ìyá rẹ̀ bí ẹni pé ìyá náà ló tún ayé wá. Ìyá mi á máa yan gàrí lọ́wọ́, á dáwọ́ dúró, á máa wo ojú rẹ̀, omi á lé ròrò sí i lójú. Á ní, "Ẹ wo àbúrò mi." Bàbá mi ni èmi jọ ní tèmi. Bàbá mi sì wà láàyè ní Kàdúná, ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kò sí ẹni tó ń wá ojú rẹ̀ kiri lójú mi.

Àmọ́ mo ní ipò kan tí ẹnikẹ́ni kò lè bá mi dù, tàbí bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Ìyá mi kò mọ̀wé. Bí awakọ̀ bá ti mú lẹ́tà bàbá mi dé, ìyá mi á gbé agbada gàrí kúrò lórí iná, á nu ọwọ́ sí ìró, á sì ti àpótí tí òun fúnra rẹ̀ ń jókòó lé sí mi kí n jókòó. Á ní, "Ojú mi, wá kà á fún mi." Bí àwọn ìyàwó ilé bá ń pariwo, á ní kí wọ́n panu mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, àgbà obìnrin mẹ́rin ń dákẹ́ nítorí ẹnu mi. Èmi náà ni mo ń kọ èsì. Gbogbo ohun tí ìyá mi bá fẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀, ọwọ́ mi ló ń gbà kọjá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: n kò ní ẹwà, orin mi kò dùn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì jẹ́ kí gàrí jó nínú agbada tí ìyá mi fi ní n kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná òun mọ́. Lẹ́tà kíkà nìkan ni mo ní.

Ní ilé-ìwé, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tó ń dà ṣàà lẹ́nu rẹ̀, kíláàsì mi ni wọ́n fi ọmọ náà sí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, olùkọ́ wa ní kí a kọ àròkọ nípa ẹbí wa. Ẹ rántí pé títí di ìgbà náà "ìwọ" ló ṣì ń pe èmi náà. Mo ti bá a jà lórí rẹ̀ léraléra, mo ní, "Ṣé o tó mi ni?" Á kàn máa wò mí ṣáá. Nítorí náà, mo kọ ọ́ sínú àròkọ mi pé kò tó mi. Mo kọ ọ́ pé, *My cousin is not enough me.*

Olùkọ́ wa kọ gbólóhùn náà sójú pátákó. Ìdajì kíláàsì kò rí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí bí àwọn náà ì bá ti kọ ọ́ nìyẹn. Olùkọ́ ní ta ló lè tún un ṣe. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gòkè, ẹ sì mọ ọwọ́ ẹni tó jẹ́. Ó dìde, ó fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tí kò kọsẹ̀ ṣàlàyé pé ohun tí èèyàn nílò ni ìnọ́ọ̀fù wà fún: oúnjẹ, omi, àkókò, ààyè. Bí ohun náà bá ti pé ìwọ̀n tí a ń wá, ó di ìnọ́ọ̀fù. Ó ní ìnọ́ọ̀fù á ṣáájú omi, àmọ́ ẹ̀yìn "ńlá" àti "àgbà" ló ń jókòó sí. Ó tún ní bí èèyàn bá sọ pé òun kò lè ṣe nǹkan ní ìnọ́ọ̀fù, ohun tó ń sọ ni pé bó ti wù kí òun ṣe é pọ̀ tó, kò lè tó. Níkẹyìn ló wá ní, "Àmọ́ èèyàn kì í *enough* èèyàn." Kò rẹ́rìn-ín o. Kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Kíláàsì ló bá a rẹ́rìn-ín, láti ọjọ́ náà títí tí mo fi ṣe ìdánwò àṣejáde, Ìnọ́ọ̀fù ni àwọn ọmọkùnrin ń pè mí.

Mo ronú lé ọ̀rọ̀ náà títí. Ó yà mí lẹ́nu pé iṣẹ́ rẹ̀ kéré báyìí. Lẹ́nu tiwa, omi tó, àkókò tó, gàrí gbẹ tó, ọmọ tó lọ́kọ, àbúrò kò tó ẹ̀gbọ́n. Bí ọmọdé bá rí àgbà fín, a ó bi í bóyá ó tó ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Bí ìjà bá sì ti fẹ́ di ti orí fífọ́, ẹnì kan á kígbe pé "Ó tó!", àdá á bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Mo gbà lọ́kàn mi pé Gẹ̀ẹ́sì ló kù díẹ̀ káàtó, kì í ṣe èmi. Síbẹ̀ mo há ìtumọ̀ rẹ̀ sórí bó ti sọ ọ́, nítorí n kò fẹ́ kó tún rí mi mú níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Ó mú ọ̀rọ̀ náà wọlé wá fún ìyá mi pẹ̀lú. Bí ìyá mi bá ń bu omi fún un, á ní "ìnọ́ọ̀fù", ìyá mi á sì tún un sọ. Kò pẹ́ tí ìyá mi fi ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń rọ epo fún un, fún ewúrẹ́, fún òjò pàápàá. "Ìnọ́ọ̀fù o!" Á rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ á fi máa mì. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ọmọ náà tó dé, ìyá mi kò bi mí ní ọ̀rọ̀ kan rí.

Èyí tó wá dùn mí wọra jù ni ti agbada. Ìyá mi kọ́ ọ ní gàrí yíyan. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi bu gàrí gbígbóná, ó ní kó fi ìka méjì rà á wò. "Ó ti tó?" "Kò tí ì tó, Màmá." "Tún un rò." Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ Èkó tí kò mọ pákí yàtọ̀ sí iṣu ti ń sọ ìgbà tí gàrí gbẹ tó, kì í sì í ṣìnà. Ìyá mi ní, "Ọwọ́ àbúrò mi gan-an rèé." Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi ẹsẹ̀ ta garawa omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn. Èmi náà ni mo padà lọ pọn òmíràn.

Ọdún kan kò pé tí Yorùbá rẹ̀ fi já gaara dé ibi ìwé kíkà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ti oko èkùrọ́ dé, mo bá a lórí àpótí mi, lẹ́tà bàbá mi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ ka "ọkọ rẹ ń kí ọ", ó pe ọkọ bí ẹni ń pe ọkọ́ tí a fi ń roko. Ìyá mi fi ọwọ́ lu itan, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú. "Ọkọ́ mi ń kí mi! Ẹ̀yin ará ilé, ọkọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn ń kí mi!" Àwọn ìyàwó ilé ń yí gbirigbiri. Láti ìgbà tí mo ti ń ka ìwé fún ìyá mi, mo ń kà á bó ti yẹ kí á kà á, ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́rìn-ín rí. Mo ní kó gbé e wá, kí n kà á dáadáa. Ìyá mi ní, "Fi í sílẹ̀ kó kà á. Ìwọ ti mọ tìrẹ."

Bí ipò mi ṣe bọ́ nìyẹn. Wọn kò lé mi, wọn kò sì bú mi. Lẹ́tà mẹ́rin dé tẹ̀ léra lẹ́yìn ìyẹn, òun ló ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kórìíra rẹ̀. Mo máa ń ka ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ á dé wá mú un.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà karùn-ún dé, kì í sì í ṣe ti Kàdúná. Awakọ̀ kan ló mú un ti Èkó bọ̀, ní àkókò tí epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n tí ọkọ̀ ń sun gáréèjì. Ọmọ náà ti ru pákí lọ sí ibi ẹ̀rọ. Ìyá mi kò lè mú sùúrù dè é. Ó ní, "Ìwọ, wá ka èyí fún mi. Bàbá rẹ̀ ló kọ ọ́." Mo fọ ọwọ́ mi, mo jókòó lórí àpótí mi. Ẹ ò mọ bí ìdùnnú ti bá mi tó.

Gẹ̀ẹ́sì ni, ojú ewé kan péré, ọwọ́ tó dára. Nínú ìlà kejì ni mo ti rí i. *I cannot thank you enough.* Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ìyá mi ti ṣe ìnọ́ọ̀fù fún ọmọ òun, ó ju ohun tí àwọn èèyàn òun gan-an ṣe lọ. Ní ìparí ó ní kí ìyá mi jọ̀wọ́ bá òun tọ́jú ọmọ náà díẹ̀ sí i, pé inú pálọ̀ ọ̀rẹ́ kan ni òun ń sùn, kò sí ààyè tó lè gba èèyàn méjì.

Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbà èwe gbèjà mi. Ẹni tó kọ́ mi ní ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ló wà ní ibi ẹ̀rọ tó ń lọ pákí fún ìyá mi. Mo la ẹnu, mo sọ pé, "Ó ní òun kò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó tó. Ó ní ohun tí ẹ ṣe fún ọmọ òun ti tó gẹ́ẹ́." Mo ká ìwé náà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí agbẹjọ́rò kò lè gbà mí sílẹ̀ lé lórí. Kò lè dúpẹ́, ó wà níbẹ̀. Ó tó, ó wà níbẹ̀. "Gẹ́ẹ́" nìkan ni mo fi kún un láti inú ara mi. Ti pálọ̀, n kò kà á rárá.

Ìyá mi ní, "Ó tó?"

Mo ní, "Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

"Tún un kà."

Mo tún un kà, ohùn mi kò gbọ̀n. Ó gba ìwé náà, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé ojú rẹ̀ lè rí nǹkan níbẹ̀, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ká a mẹ́rin, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Gàrí ń jó lórí iná, kò gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Èmi tí mo sin àbúrò mi, tí mo gbá ọmọ rẹ̀ mọ́yà. Ó tó." Ó wá kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí ọmọ náà, nítorí òun kò ní bú bàbá ọmọ lójú ọmọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí ọmọ náà palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, pé wọ́n ń lọ kí bàbá rẹ̀, awakọ̀ tó mú ìwé wá ló máa júwe ilé. Ọmọ náà fò sókè. Ó bi mí bóyá a jọ ń lọ ni. Mo ní rárá o. Èmi ni mo ru ẹrù rẹ̀ dé gáréèjì, kò wúwo lórí mi. Pẹ̀lú gbogbo ìbínú ìyá mi, ó di gàrí sínú àpò fún ọkùnrin náà, ó ní òun kò lè lọ bá àna òun lọ́wọ́ òfo. Wákàtí mẹ́ta ni a fi jókòó dúró kí ọkọ̀ tó kún. Mo ní ẹnu fún wákàtí mẹ́ta náà. Ẹ̀pà ni mo fi ń jẹ.

Mo padà sílé, mo na ẹsẹ̀ lórí ẹní tí èmi àti ọmọ náà jọ ń sùn. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Ìyá mi kò mú mi rin ìrìn àjò ju Ìgbájọ lọ rí. Èmi ni mo wá fi ẹnu ara mi di òun àti ọmọ náà sínú ọkọ̀ kan, èjìká sí èjìká, títí dé Èkó. Mo jowú wọn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko nínú ilé òfìfo.

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n bọ́ọ́lẹ̀ níwájú ilé wa, àwọn méjèèjì, pẹ̀lú ẹrù tí mo rù jáde. Ọmọ náà kí mi, kò sì dúró. Ìyá mi pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Mo bú ọkùnrin yẹn. Mo bú u nínú ilé onílé, ní èdè tí kò gbọ́, títí itọ́ fi tán lẹ́nu mi. Ó ń wò mí ṣáá. Ó ń bi ọmọ rẹ̀ pé kí ni òun ṣe. Mo tú ìwé náà jáde létí ìró mi, mo jù ú sí i. Ó ní kí ọmọ kà á sókè. Ọmọ kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó máa kà á dé ibi pálọ̀, inú pálọ̀ náà ni a dúró sí."

N kò lè gbójú sókè.

"Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí síméǹtì. Ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ kì í dọ̀bálẹ̀. Ọmọ wá bi mí, ó ní, 'Màmá, ta ló ka ìwé yìí fún yín?'" Ìyá mi tún ìró rẹ̀ ró. "Mo ní ẹnì kan ní gáréèjì ni. Mo purọ́ fún ọmọ òkú, torí tìẹ."

Mo ń retí pé kó nà mí. Mo fẹ́ kó nà mí. Àmọ́ ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wá ọ̀nà tí ohun kan gbà wọlé. Ó ní, "Èmi tí mo bí ọ, ṣé mi ò tó ọ ni?"

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìwé kankan lé mi lọ́wọ́ mọ́, bí ọmọ náà kò bá tilẹ̀ sí nílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé á wà lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá mi títí á fi dé. Ọmọ náà kò sọ ohunkóhun fún mi rí, bẹ́ẹ̀ ló sì mọ̀ dájú, nítorí láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní "ẹ". "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé." Ohun tí mo ti ń fi gbogbo ara wá. Ó korò lẹ́nu mi láti dá a lóhùn.

Bàbá rẹ̀ kò rí ààyè títí a fi ṣe tán ní girama. Èmi wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn. Òun wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà nílé wa ní Ìlá, ó ń ti ilé ìyá mi lọ, ó ń ti ibẹ̀ bọ̀. Ìyẹn ni pé bí mo bá kọ̀wé sí ìyá mi, ẹnu rẹ̀ ni ìwé mi máa ń gbà. Bí mo bá ní òtútù mú mi, òun ló ń sọ ọ́. Bí àárò ìyá mi bá sọ mí, òun ló ń fi ohùn tirẹ̀ sọ fún ìyá mi pé àárò rẹ̀ ń sọ òun. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bírò á dúró lọ́wọ́ mi, n kò ní lè kọ ju "ara mi le" lọ.

Ní ọdún kejì mi níbẹ̀, mo kọ ẹ̀bẹ̀ náà. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àti "gẹ́ẹ́", àti ti pálọ̀, àti ẹ̀pà tí mo jẹ ní gáréèjì. Mo mọ ẹni tó máa kà á. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Èsì dé pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀: ìyá mi ní kí n wálé ní Àjíǹde, ewúrẹ́ bímọ méjì, kí n má gbàgbé láti bá òun mú ìkòkò irin kan bọ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ nípa ẹ̀bẹ̀ mi. Mo rò pé ó ti fò ó, bí èmi náà ti fo ti bàbá rẹ̀, mo tilẹ̀ gbà pé ó tọ́ sí mi.

Mo dé ilé ní Àjíǹde, ó ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìyá mi ń yan gàrí. Mo gbé ìkòkò sílẹ̀, mo bi í bóyá wọ́n ka ìwé mi fún un tán.

Ó ní, "Ó kà á tán. Kò fo nǹkan kan. Ìgbà tó dé ìdí rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, kò rí ìwé mọ́. Èmi ni mo gbá a mọ́ra, tí mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi léjìká. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, èmi ni mo dá a. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ẹ̀bẹ̀ náà, tí mo ń fà á ya, tí mo ń tún un kọ, ojú mi gbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ló wá fi sunkún, òun ni ìyá mi sì gbá mọ́ra.